Bátìrì tuntun, jet ski ò dá: ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ wáyà ẹ́ẹ̀tì yìí

OlómiTútù:
Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ jet ski mi ti sú mi, ẹ bá mi dá sí i. Tí mo bá tẹ bọ́tìnì sítáàtì, á kàn dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á kú pátápátá, á tún tàn padà bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so bátìrì mọ́ ọn. Ìgbà míì rèé, á yí lọ́ra lọ́ra bí ẹni tí oorun ń kùn, á wá dá, tó bá sì ti dá tán kò ní níṣòro mọ́, àfi iná wọ́níǹgì tó máa ń tàn lójú mítà lórí omi, tí á tún kú fúnra ẹ̀ kí n tó dé èbúté. Mo ti pààrọ̀ bátìrì. Mo fi mítà wò ó, 12.7 fólítì ló wà nígbà tí mi ò tan nǹkan kan. Wọ́n ní kíkísítátà, ẹ̀rọ tó ń yí ẹ́ńjìnì kó tó dá, ló ti lọ, owó ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi, àbúrò mi ló ní kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín. Omi òkun ni mo ti máa ń gùn ún, ọdún kẹfà rèé.

ỌmọRewáyà:
Má tíì sanwó kíkísítátà o, dúró ná. Dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń kú tó tún ń jí yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì ló ń sọ fún ẹ, ìyẹn wáyà dúdú tí àwọn míì ń pè ní gíráùn. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ à ń pa làpálàpá ni tó o bá ń ra bátìrì àti kíkísítátà nígbà tí o ò tíì yẹ ẹsẹ̀ wáyà dúdú wò.

Ohun tó jẹ́ kí ti jet ski yàtọ̀ sí ti mọ́tò nìyí. Mọ́tò, irin ni gbogbo ara ẹ̀, ibikíbi tó o bá ti ha ọ̀dà tó o fi bóòtù kan wáyà mọ́ ọn, ẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ara jet ski, fáíbà ni, fáíbà kì í gbé iná. Iná ńlá tó bá jáde láti orí pọ́sítíìfù, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní láti padà sílé, òun ni wáyà dúdú tó nípọn tó ti orí nẹ́gẹ́tíìfù lọ di mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Kíkísítátà fúnra ẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ jet ski, kò ní wáyà dúdú tiẹ̀, bóòtù tó fi jókòó sára ẹ́ńjìnì ni ẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà, ibẹ̀ ni wọ́n fojú sí. Tí ìdí wáyà yẹn bá wá jẹrà, gbogbo wọn ló máa ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ á rò pé nǹkan márùn-ún ló bàjẹ́.

Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ wò. Kíkísítátà lè fa 100 ámpì. Tí ìdíwọ́ 0.01 ọ́ọ̀mù péré bá wà lójú ọ̀nà, fólítì 1 ti sọnù síbẹ̀. Tó bá di 0.05, fólítì 5 ló lọ yẹn, kí ló wá kù nínú 12? Tó bá jẹ́ pé ara ẹ́ńjìnì ni bíréènìbọ́ọ̀sì rẹ, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, náà ti ń mú ẹ́ẹ̀tì, kò lè ṣàìkú. 0.05 ọ́ọ̀mù yìí kéré débi pé ojú ò lè rí i, ìpẹtà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bébà lábẹ́ lọ́ọ̀gì, ìyẹn irin ẹnu wáyà tí bóòtù ń gbà kọjá, lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà gbé mítà sí DC fólítì. Fi abẹ́rẹ́ dúdú kan orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì gangan, mo ní òjé fúnra ẹ̀ o, kì í ṣe tẹ́mínà tó gbé e mọ́ra. Fi abẹ́rẹ́ pupa kan ara ẹ́ńjìnì níbi tí irin ti hàn funfun tí kò sí ọ̀dà. Kí ẹnìkan bá ẹ tẹ sítáàtì fún sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta. Nọ́ńbà tó bá jáde ni fólítì tí ẹ́ẹ̀tì ń jẹ. 0.2 sísàlẹ̀, ó dáa. Tó bá ti kọjá 0.5, a ti mú olè.

Ìyá_Ọlọ́kọ̀:
Kó o tó tẹ sítáàtì kankan, jọ̀ọ́, ṣí ìjókòó ẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀ dáadáa, kó o sì gbóòórùn ẹ̀. Inú jet ski dà bí àgbá tí wọ́n dé ní ìdérí, òórùn pẹtiróò tó bá wà níbẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa jókòó sí, iná pínníṣín kan láti ìdí wáyà tí kò dì ti tó láti gbiná. Tó o bá gbọ́ òórùn, pa iṣẹ́ tì títí wàá fi rí ibi tó ti ń jò. Mo ti rí èyí tó jó lẹ́bàá omi rí, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Èkejì, tó o bá fẹ́ tú wáyà, nẹ́gẹ́tíìfù ni kó o kọ́kọ́ tú, òun náà ni kó o so kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pupa lo kọ́kọ́ tú, tí sípánà yọ́ lọ kan ara ẹ́ńjìnì, ó di bírìjì nìyẹn.

Kí ẹ́ńjìnì má sì ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ ju sẹ́kọ́ńdì 15 lọ láìsí omi. Bẹ́ẹ̀ ni má lọ ṣí omi họ́ọ̀sì sí i kó tó dá o, tó bá ń yí tí kò dá, omi á kún inú ẹ̀gúsọ́ọ̀sì, ó lè wọ ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì á kọ́kọ́ dá, kó o tó ṣí omi. Tó o bá fẹ́ pa á, omi ni wàá kọ́kọ́ tì.

Kíìkì_Kan:
Ẹ̀gbọ́n Rewáyà, èmi ohm ni mo máa ń fi wo tèmi, mo gbé abẹ́rẹ́ sí orí méjèèjì wáyà, ó ka 0.1 tàbí 0, mo gbà pé ó dáa. Ṣé kò tó ni?

ỌmọRewáyà:
Kò tó rárá, ìdí ẹ̀ sì yé mi torí mo ti fi jìyà. Tí mítà bá wà ní ọ́ọ̀mù, iná tó ń rán kọjá kéré gan-an, kò tó ìdá ẹgbẹ̀rún ámpì kan nígbà míì. Wáyà tó yẹ kó ní ọgọ́rùn-ún okùn bàbà nínú, tó bá ku ẹyọ kan ṣoṣo tí kò tíì já, iná kékeré yẹn á kọjá níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, mítà á ní kò sí nǹkan. Ìgbà tí 100 ámpì bá fẹ́ kọjá lo máa mọ̀ pé ọ̀nà ti dí. Fólítì tí o wọ̀n nígbà tí ẹrù wà lórí ẹ̀ nìkan ni kì í purọ́.

Mo jìyà ẹ̀ lórí jet ski ẹnì kan, mo tú kíkísítátà lẹ́ẹ̀mejì, mo pààrọ̀ rílé, ìyẹn súìṣì tó ń rán iná sí kíkísítátà, gbogbo ọ́ọ̀mù ń sọ pé ó dáa. Ọjọ́ kẹta ni mo fi fólítì wò ó, 2.8 ló jáde. Láti ọjọ́ náà mi ò fi ọ́ọ̀mù wo ẹ́ẹ̀tì mọ́.

Àjẹ̀_Àtukọ̀:
Ẹni tí kò bá ní mítà lè fi jọ́ḿpà kan wò ó. Fi apá kan jọ́ḿpà dúdú gbá orí nẹ́gẹ́tíìfù mú, fi èkejì gbá irin ẹ́ńjìnì mú, èyí tó wà lára ẹ́ńjìnì ni kó o so kẹ́yìn kó lè jìnnà sí bátìrì tí iná bá ta. Tẹ sítáàtì. Tó bá yí bí ẹni tí wọ́n lé, wáyà ẹ́ẹ̀tì rẹ ló níṣòro, o ò nílò ẹlẹ́rìí míì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ohun tí Ìyá Ọlọ́kọ̀ sọ nípa òórùn pẹtiróò kẹ́ ẹ tó gbìyànjú ẹ̀ o.

OlómiTútù:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an. Mo ti wò ó, àbúrò mi ló bá mi tẹ sítáàtì. Ìgbà tó yí lọ́ra, 1.9. Ìgbà tó kàn dún "kọ́", ó fò kọjá 4! Mo wá wo bátìrì nìkan nígbà tó ń yí, 10.4 ló dúró sí, mi ò rí i kó lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ṣé bátìrì tí mo jù nù tẹ́lẹ̀ yẹn náà ò ní nǹkan kan tó ṣe é ni?

Ṣùgbọ́n mo wo tẹ́mínà, ó mọ́, ó dì. Mo wo ibi tó ti kan ẹ́ńjìnì, ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ àmọ́ bóòtù ò mì. Níbo ni fólítì ọ̀hún ń lọ?

ỌmọRewáyà:
Ìgbà tó o ti rí i pé ó ń jẹ 1.9, pín ọ̀nà náà sí mẹ́ta kó o máa wọ̀n ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àbúrò ẹ á máa tẹ sítáàtì. Láti orí òjé sí ara tẹ́mínà. Láti tẹ́mínà sí lọ́ọ̀gì tó wà ní ẹsẹ̀ wáyà. Láti lọ́ọ̀gì sí irin ẹ́ńjìnì. Ibi tí nọ́ńbà bá ti pọ̀ ni olè wà, ibi tá a fojú sí, ọ̀nà lè má gbabẹ̀.

OlómiTútù:
Òjé sí tẹ́mínà: 0.03. Tẹ́mínà sí lọ́ọ̀gì: 1.6. Lọ́ọ̀gì sí ẹ́ńjìnì: 0.27.

Nínú wáyà ni?!

BàbáẸ́ńjìnì:
Nínú wáyà ni, ọmọ mi. Fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìdí lọ́ọ̀gì wá sókè, ibi tó bá ti wú tàbí tó ti le gbáúnrán, tàbí tó ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ iyẹ̀pẹ̀, ibẹ̀ ni. Omi òkun máa ń gba ẹnu lọ́ọ̀gì tí wọn ò fi rọ́bà dì wọlé, á máa gun àárín àwọn okùn bàbà lọ bí òróró ṣe ń gun òwú àtùpà. Rọ́bà òde á ṣì dúdú mìnìjọ̀, kò sẹ́ni tó máa fura.

OlómiTútù:
Bàbá, mo fi ọ̀bẹ la rọ́bà wáyà yẹn. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Lẹ́nu lọ́ọ̀gì, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé ló dà sílẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo ń là á lọ, bàbà inú ẹ̀ dúdú bí èédú, mo fi èékánná ha á, kò dán, mo tẹ̀ ẹ́ báyìí, okùn bíi mẹ́wàá já lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé mo fà á. Bíi ìka ọwọ́ mẹ́ta ni dúdú yẹn gùn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọ̀ bàbà gidi. Ṣé kí n gé ibẹ̀ kúrò kí n so lọ́ọ̀gì tuntun mọ́ èyí tó kù?

BàbáẸ́ńjìnì:
Tó bá gùn tó lẹ́yìn tó o gé e, tí bàbà tó kù sì ń dán yinrin yípo, o lè lò ó. Ṣùgbọ́n fún wáyà tó ti lo ọdún mẹ́fà nínú omi òkun, èmi á pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Ra wáyà ọkọ̀ ojú omi tí okùn bàbà inú ẹ̀ funfun, tí wọ́n ti fi tánganran wẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kì í jẹrà kíákíá bíi bàbà lásán. Kó nípọn tó ti tẹ́lẹ̀ tàbí kó jù ú lọ, kó má tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú láéláé. Má sì jẹ́ kó gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́ọ̀gì, èmi máa ń fi lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ fi lẹ wáyà, jó o ni o, ó ti ń gbé mi bọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́.

ỌmọRewáyà:
Bàbá, ẹ má bínú, ibẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ dá sí. Lẹ́ẹ̀dì máa ń gun inú wáyà lọ, ibi tó bá gùn dé á le gan-an, jet ski sì ń gbọ̀n, ó ń fò lórí ìgbì, ẹ̀gbẹ́ ibi tó le yẹn gan-an ni wáyà á ti dá. Ìlànà E-11 tí ABYC, ẹgbẹ́ tó ń kọ ìlànà ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, kọ fún iná inú ọkọ̀ sọ pé lẹ́ẹ̀dì nìkan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó di wáyà mú. Kírímpà tó tóbi tó wáyà yẹn ni kó fi tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe páláyà, kì í ṣe òòlù. Lẹ́yìn náà kó fi rọ́bà ṣírínkì tó ní gọ́ọ̀mù nínú bò ó, kó mú un gbóná títí gọ́ọ̀mù á fi yọ lẹ́nu méjèèjì. Gọ́ọ̀mù yẹn ni kò ní jẹ́ kí omi gun inú wáyà mọ́.

BàbáẸ́ńjìnì:
Òtítọ́ ni, mo gbà. Àmọ́ ìlànà yẹn náà yọ lọ́ọ̀gì bátìrì sílẹ̀, tí ibi tí lẹ́ẹ̀dì ti gbá wáyà mú bá gùn tó ìlọ́po kan àbọ̀ ìbú wáyà. Èmi náà kì í fi rọ́bà ṣírínkì ṣeré. Ẹni tó bá ní kírímpà, kó lo kírímpà, ó sàn jù lórí ohun tó ń gbọ̀n.

Kíìkì_Kan:
0.27 tó wà láàárín lọ́ọ̀gì àti ẹ́ńjìnì yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ máa fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?

ỌmọRewáyà:
Kò ṣeé fi sílẹ̀, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ibi kan ṣoṣo yẹn ti jẹ ju 0.2 tí mo ní kí gbogbo ọ̀nà jẹ lọ. Tú bóòtù yẹn, wàá rí i pé ojú irin ẹ́ńjìnì ti ní nǹkan eérú kan lórí. Alumí ni ara ẹ́ńjìnì, bàbà ni lọ́ọ̀gì, tí omi òkun bá wọ àárín àwọn méjèèjì, alumí ló máa jẹrà, lẹ́búlẹ́bú funfun tó máa ń tú jáde nìyẹn, kì í gbé iná. Fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà tàbí sánpépà ha ojú ẹ̀ títí á fi dán, fẹ̀ ẹ́ ju lọ́ọ̀gì lọ díẹ̀. Ha lọ́ọ̀gì náà. Nu eruku ẹ̀ kúrò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́: lọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ fara kan irin ẹ́ńjìnì ní tààrà. Wáṣà, òkè lọ́ọ̀gì ló ń gbé, lábẹ́ orí bóòtù, kì í ṣe àárín lọ́ọ̀gì àti ẹ́ńjìnì. Wáṣà sìtéńlẹ́ẹ̀sì kì í gbé iná bíi bàbà, tó o bá fi sáàárín, o ti fọwọ́ ara ẹ dí ọ̀nà. Tí lọ́ọ̀gì méjì mẹ́ta bá jọ wà lórí bóòtù kan, èyí tó nípọn jù, tó jẹ́ ti kíkísítátà, òun ni kó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kó fẹnu ko irin.

Má fi agbára dì í o, ihò alumí ni, àwọn ìlà inú ẹ̀ máa ń tètè ré. Wo ìwé jet ski rẹ, wọ́n kọ bó ṣe yẹ kó dì tó síbẹ̀.

Àjẹ̀_Àtukọ̀:
Gírísì ńkọ́? Èmi máa ń fi gírísì aláìgbéná kún ojú irin kí n tó di lọ́ọ̀gì mọ́ ọn, kí omi má bàa wọ̀ ọ́.

ỌmọRewáyà:
Orúkọ ẹ̀ ti sọ ọ́, kì í gbé iná. Tó bá jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, tí bóòtù sì dì dáadáa, irin méjèèjì á fún un jáde láàárín wọn, kò ní ṣe nǹkan kan. Àwọn tó ń kún un bí ẹni ń pa ògiri ló ń ní páṣíà, ìyẹn kí irin má fara kan irin dáadáa. Èmi, gbígbẹ ni mo máa ń di í, irin sí irin, màá wọ̀n ọ́n, tí nọ́ńbà bá tẹ́ mi lọ́rùn ni màá wá fi gírísì bo òde ẹ̀ yípo, orí bóòtù, etí lọ́ọ̀gì, gbogbo ibi tí omi lè gbà.

Ìyá_Ọlọ́kọ̀:
Ẹ jẹ́ n bi yín, mo ní zinc lára ẹ̀rọ tó ń ta omi lẹ́yìn, mo máa ń pààrọ̀ ẹ̀ déédéé. Mo rò pé òun ló yẹ kó máa gba gbogbo ìpẹtà sára. Kí ló dé tí wáyà inú tún ń jẹrà?

ỌmọRewáyà:
Ìbéèrè dáadáa ni, mà. Zinc máa ń kú fún irin tó bá jọ wà nínú omi kan náà, tí iná sì lè gba àárín àwọn méjèèjì, nǹkan méjèèjì gbọ́dọ̀ pé. Wáyà inú ò sí nínú omi tí zinc wà, ọ̀rinrin iyọ̀ tó dì mọ́ ọn nínú lọ́hùn-ún ló ń jẹ ẹ́, zinc ò mọ̀ ọ́n rárá. Zinc náà ní ẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò: ibi tó ti kan irin gbọ́dọ̀ mọ́, ẹ má fi ọ̀dà kùn ún.

Ohun tó ń gba wáyà inú là ni fífọ̀ àti gbígbẹ. Tẹ́ ẹ bá dé láti orí omi òkun, ẹ fi omi tútù tí kò níyọ̀ fọ inú ẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń tú omi bí ọta, ìyẹn á ti omi wọ inú àwọn kọnẹ́tọ̀. Ẹ ṣí ìdí ẹ̀ kí omi ṣàn jáde, ẹ fi ìjókòó sílẹ̀ ní ṣíṣí kó gbẹ. Kò sóhun tó ń jẹ wáyà bíi kéèyàn de ìjókòó mọ́ ọ̀rinrin nínú oòrùn. Tó bá gbẹ tán, ẹ fọ́n sípíréè tó ń dènà ìpẹtà sí ibi gbogbo tí bóòtù bá ti di wáyà.

Kíìkì_Kan:
Mo fẹ́ so rédíò mọ́ tèmi, ṣé mo lè fi ẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sábẹ́ bóòtù ẹ́ńjìnì yẹn náà?

ỌmọRewáyà:
Jọ̀ọ́ má ṣe é. Jẹ́ kí wáyà dúdú rédíò lọ sí orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì tààrà, kí pupa ẹ̀ ní fíúùsì nítòsí bátìrì. Bóòtù tí bíréènìbọ́ọ̀sì ń lò, fi í sílẹ̀ fún un. 

OlómiTútù:
Ẹ̀gbọ́n, Bàbá, Ìyá, gbogbo yín, mo ti parí ẹ̀ lónìí. Wáyà tuntun funfun, kírímpà ni mo yá, mo rí i tí gọ́ọ̀mù yọ lẹ́nu rọ́bà ṣírínkì. Mo ha ojú ẹ́ńjìnì títí ó fi dán bí owó ẹyọ tuntun. Wáṣà kan wà láàárín lọ́ọ̀gì àti irin lóòótọ́ o, ẹni tó ṣiṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀ ló fi í síbẹ̀, mo gbé e lọ sókè.

Mo tẹ sítáàtì. 0.11. Kò tíì tó ìṣẹ́jú àáyá kan tó fi dá, àbúrò mi pariwo. Mo gùn ún fún wákàtí kan, iná wọ́níǹgì ò tàn lẹ́ẹ̀kan. Mo ti kọ 0.11 àti déètì sí abẹ́ ìdérí ìjókòó pẹ̀lú bírò aláìparẹ́, kí n lè mọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé wáyà pupa náà ṣeé wọ̀n báyìí?

ỌmọRewáyà:
Bákan náà ni. Abẹ́rẹ́ pupa sí òjé pọ́sítíìfù, dúdú sí orí bóòtù tí wáyà pupa ti wọ kíkísítátà, tẹ sítáàtì. Rílé wà lójú ọ̀nà ti pupa, ó ní ojú ìfarakanra tó pọ̀ ju ti dúdú, ìdí nìyẹn tó fi lè jẹ ju ẹ́ẹ̀tì lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti dé 0.5, máa pín in wò bó o ṣe pín ti àná. Má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ rẹ fara kan ẹ́ńjìnì nígbà tó o bá wà lórí bóòtù kíkísítátà o.

OlómiTútù:
0.31. Rọ́bà tó bo orí rílé ti ya lápá kan, mo rí àwọ̀ ewé díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Lọ́la ni màá tú u.